Ọmọbìnrin Jáírù Tí Justina Yà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn Àjíǹde, ni ẹrù náà dé. Apínlẹ́tà gbé e sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì abúlé Hochfeld, páálí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi okùn dì yípo. Justina Ediger àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Selma Unruh gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, níbi táwọn ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Lucille Schrag, ìyàwó olùṣọ́àgùntàn, ló ní kí ìjọ ránṣẹ́ rà á. Ó ní ilé ìtẹ̀wé kan lápá Chicago ló ṣe é, àwòrán ìtàn Bíbélì tó mọ́ lójú ju èyíkéyìí lọ, pé ó máa ya gbogbo èèyàn lẹ́nu.

Ó yà wọ́n lẹ́nu lóòótọ́.

Justina gé okùn, ó ṣí páálí. Mósè ló wà lókè, nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó wo Mósè títí. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú Gòláyátì, ó mú Rúùtù pẹ̀lú ìdì ọkà lápá.  Aṣọ tí Rúùtù wọ̀ yẹn, àpò méjì ló wà níwájú rẹ̀, irú èyí táwọn obìnrin Hochfeld máa ń rán sí aṣọ ìdáná wọn. Ta ni yóò rán àpò ìdáná mọ́ Rúùtù ará Móábù lára, bí kì í bá ṣe Justina, tó yà á bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1949 láìronú, tí Selma sì fi í ṣẹ̀sín fún oṣù mẹ́ta gbáko?

"Justina," Selma wí, "ṣé ojú mi ló ń ṣe mí ni, àbí aṣọ ìdáná rẹ rèé?"

 Justina ti ń tú páálí náà bí adìẹ tó ń tan ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti rí ohun tó ń wá: ọmọbìnrin Jáírù, ọmọ tó kú tí Jésù jí dìde. Ó jókòó lórí ibùsùn, ó ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lójú rẹ̀. Lókè ojú òsì rẹ̀, àpá kékeré kan gé irun ojú rẹ̀ sí méjì.

Ilẹ̀kùn ilé adìẹ ló dá àpá yẹn sílẹ̀, lọ́jọ́ tí Adina Ediger pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Adina lọ́mọ kan ṣoṣo tí Justina bí. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lóṣù kẹjọ ọdún 1946. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló lò lórí àìsàn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Selma yí ìdérí páálí padà, ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ sì ń lọlẹ̀ bó ti ń kà á lọ: "Lucille Schrag ló ya àwọn àwòrán yìí." Ó gbójú sókè. "Lucille wo? Lucille tí ò lè ya ẹyin kó má jọ ọ̀dùnkún?"

Ọdún méjìlá ni Justina ti ń ṣe àwòrán fún àwọn ọmọ Hochfeld. Ẹ̀yìn ikú Adina ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ohun tí ì bá máa ṣe mọ́. Á ya èèyàn, ẹran àti igi sórí ìwé líle, á kùn ún, á fi àlùmọ́gàjí gé e yípo, á wá fi gúlúù lẹ aṣọ onírun wẹ́wẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń rán aṣọ òtútù ọmọ ọwọ́, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Irú aṣọ kan náà ló fi bo pátákó. Bó bá ti gbé àwòrán lé pátákó báyìí, á lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò àgbẹ̀. Á máa sọ ìtàn lọ, á máa gbé Dáfídì wọlé, á máa yí Gòláyátì ṣubú, àwọn ọmọdé á sì la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Kò kọ orúkọ rẹ̀ sára ọ̀kankan rí. Nínú ìjọ Mẹ́nónáìtì tiwọn, ẹni tó bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ohun tó ṣe fún Ọlọ́run, agbéraga ni wọ́n ń pè é.

Ìgbà tí ewé ń wọ́ lọ́dún tó kọjá ni Lucille wá yá páálí mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi han àwọn obìnrin ìjọ kan ní Wichita. Yìnyín ti yọ́ tán kó tó dá wọn padà. Justina rí i nígbà náà pé ẹnì kan ti tẹ pẹ́ńsùlù yípo ẹ̀gbẹ́ àwọn àwòrán náà, ó tẹ̀ ẹ́ débi tí ìwé fi jinnú. Ó rò pé àwọn ọmọdé ni.

Ó ká ọmọbìnrin Jáírù mọ́ inú aṣọ ìnujú rẹ̀, ó mú kóòtù.

"Ibo lò ń lọ?" Selma bi í.

"Ilé Lucille."

"Jẹ́ n tẹ̀ lé ọ."

"Rárá. Bó o bá tẹ̀ lé mi, o máa sọ̀rọ̀."

"Mo máa sọ̀rọ̀ ni o! Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ṣé a fẹ́ lọ hun ìbọ̀sẹ̀ ni?"

"Ìdí tí mi ò fi mú ọ lọ nìyẹn."

Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé olùṣọ́àgùntàn wà. Lucille Schrag ò tí ì pé ọmọ ogójì ọdún, ìlú ńlá ló ti wá, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ wọlé, Arábìnrin Ediger, ẹ wọlé! Kọfí ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni."

Justina ò jókòó. Ó tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì. "Ta lèyí?"

Lucille wò ó, ojú rẹ̀ tàn. "Ó ti dé! Ẹ ò rí bó ṣe rẹwà tó? Aṣọ ibùsùn yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di aláwọ̀ ojú ọ̀run."

"Mo ní ta ni."

"Ọmọ Jáírù kẹ̀."

"Ọmọ mi ni."

Lucille gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ò tí ì dé Hochfeld nígbà tí Adina kú, kò mọ ojú ọmọ náà. Fún ìṣẹ́jú kan, àyà rẹ̀ já lóòótọ́, Justina sì rí i. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, ká ní ó sọ pé "ẹ jọ̀ọ́" kó sì dákẹ́, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀. Àmọ́ Lucille ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

"Mi ò mọ̀, Arábìnrin. Ọlọ́run rí mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: ọmọ yín ti wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ìyẹn ò sàn ju kó wà nínú páálí lábẹ́ ilé wa lọ?"

"Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀."

"Wọ́n fẹ́ orúkọ ẹni tó lè rìn káàkiri, tó lè dúró sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ẹ̀yin wá ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè gbàdúrà sókè lójú èèyàn mẹ́wàá? Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, kì í ṣe tèmi, kì í ṣe tiyín. Mo rò pé onírẹ̀lẹ̀ èèyàn bíi tiyín ò ní bínú sírú nǹkan báyìí."

Olùṣọ́àgùntàn Waldo Schrag ti gbọ́ ohùn wọn, ó jáde láti yàrá ìwé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣàlàyé fún un ní ọ̀rọ̀ méjì. Ó mi orí, ó gbé ọwọ́ lé èjìká Justina, ó di ojú. "Olúwa," ó wí, "a dúpẹ́ pé Arábìnrin wa Justina ti dárí jì látọkàn wá."

Justina ò tí ì la ẹnu rárá.

"Àmín," ni Lucille wí.

Títí tó fi dé ilé, ó ń rìn bí ẹni tó gbé omi gbígbóná sórí. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Wọ́n sì ti tún wá ní kí ẹni tó kó o dúpẹ́. Lẹ́nu oúnjẹ, ó sọ ohun gbogbo fún Gerhard ọkọ rẹ̀. Gerhard kì í sáré ṣe nǹkan. Ó lá ọbẹ̀ kábééjì tó wà níwájú rẹ̀ tán, ó nu abọ́ pẹ̀lú búrẹ́dì, ó gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀.

"Ká lọ bá àwọn alàgbà."

"Kí wọ́n tún lè gbàdúrà lé mi lórí?"

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mi ò tí ì mọ̀."

"Ojú rẹ ti mọ̀," Gerhard wí.

Ojú rẹ̀ ò mọ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń wá a. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ya Jésébẹ́lì, ó fi ojú Lucille sí i, pẹ̀lú irun rẹ̀ tó máa ń ká àti ehín rẹ̀ iwájú. Ó ya Géhásì tó ń sá tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ ẹṣin Náámánì láti lọ gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ó fi ojú Lucille sí òun náà. Ó jọ ọ́ débi pé Selma fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. "Gbé e lé pátákó lọ́jọ́ Ìsinmi! Mo bẹ̀ ọ́! Kí n tó kú, jẹ́ n rí ojú Waldo!"

Justina kó gbogbo rẹ̀ sínú sítóòfù. Kò tó. Bí wọ́n bá rí Lucille lára Jésébẹ́lì, wọ́n á rẹ́rìn-ín, tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á káàánú rẹ̀. Justina ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú Lucille. Ó fẹ́ kó dúró síwájú àwọn èèyàn ní ìhòòhò ohun tí ò mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó sì jẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló bọ́ ọ láṣọ.

Oṣù karùn-ún ni Lucille fúnra rẹ̀ gbé ọ̀nà náà wá fún un, pẹ̀lú páì rúbábù kan, èyí tí wọ́n fi igi ewébẹ̀ kíkan àti ṣúgà yan, tó ń yọ èéfín lọ́wọ́. Ó jókòó sí ìdáná Justina, ó ń fi ìka fọ́ èérún etí páì.

"Arábìnrin Ediger, mo mọ̀ pé ẹ ti dárí jì mí."

"Olùṣọ́àgùntàn ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀gbẹ́ni Haverstock ń bọ̀ láti ilé ìtẹ̀wé. Ọjọ́ ìkẹyìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ìgbà ẹ̀rùn àwọn ọmọdé ló fẹ́ wá. Àwọn olùkọ́ láti ìjọ mẹ́rìnlá ló ń bọ̀. Ó fẹ́ kí n dúró ya àwòrán lójú wọn, kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Tó bá dára lójú rẹ̀, á ní kí n ṣe páálí kejì. Mi ò sì..."

"Ẹ ò lè yà."

Lucille wo ilẹ̀. "Mo lè tẹ̀ lé ìlà. Bí ìlà bá ti wà nílẹ̀, mo lè fi yíǹkì tẹ̀ lé e dáadáa. Èlíjà ni mo fẹ́ yà, níbi táwọn ẹyẹ ìwò ti ń gbé oúnjẹ wá fún un. Bí ẹ bá lè bá mi fi pẹ́ńsùlù ya ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tí wọn ò ní rí láti orí ìjókòó..."

Ó jẹ́ ohun ìyanu fún Justina pé ohùn òun lè rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. "Wọ́n á rí pẹ́ńsùlù. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ìyẹ̀fun aláwọ̀ aró tí a fi ń sàmì sára aṣọ ìbora alábùlẹ̀ kí a tó rán an? Èyí ló dáa fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ súnmọ́ ọn lẹ máa rí i, àwọn tó jókòó ò ní rí nǹkan kan. Bẹ́ ẹ bá fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ ó kàn fẹ́ atẹ́gùn sí i, á lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Gbogbo obìnrin Hochfeld ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò sọ ni pé ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ló máa ń dúró títí wọn yóò fi nù ún. Ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n pò mọ́ búlúù ìfọṣọ, èémí ọmọ ọwọ́ lè gbé e lọ.

Lucille dìde, ó dì mọ́ ọn. "Ẹ̀mí Ọlọ́run ń bẹ nínú yín."

Nígbà tí Gerhard ti oko dé, ó rí abọ́ òfìfo tí wọ́n ti fọ̀. "Mo gbóòórùn páì rúbábù."

"Mo gbé e fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀."

"Páì rúbábù?"

"Wọ́n jẹ ẹ́."

Gerhard wo ìyàwó rẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó lọ fọ ọwọ́.

Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ń retí pé, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìkórè àlìkámà bẹ̀rẹ̀, ooru sì ti mú débi pé àwọn ajá ò lè gbó. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Justina tó gún ihò wẹ́wẹ́ yípo àwòrán Èlíjà pẹ̀lú abẹ́rẹ́, tó fi àpò ìyẹ̀fun tẹ orí rẹ̀ títí ìlà aláwọ̀ aró fi hàn lórí ìwé funfun tó wà nísàlẹ̀. Èlíjà náà dára. Kò lè ya ohun tí ò dára, kódà fún iṣẹ́ yìí. Ó gbé e ní pẹlẹbẹ bí ẹni gbé ẹyin, ó fi lé Lucille lọ́wọ́ nígbà táwọn àlejò ti ń jókòó.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ó wí.

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Lucille gbà á.

Yàrá abẹ́ ilé kún dẹ́múdẹ́mú. Àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀ níwájú, àwọn olùkọ́ wà lórí àga, àwọn àgbà ìjọ tó wá wòran dúró ti ògiri. Ọ̀gbẹ́ni Haverstock, ọkùnrin gíga tó so táì tóóró mọ́rùn, ti ní kí wọ́n gbé fáànù méjì wá, irú èyí tó ń yí orí. Justina ò ro ti fáànù rárá. Nígbà tó rí wọn, ó wo Selma, ẹnì kan ṣoṣo tó sọ ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun náà fún, Selma sì wo òrùlé.

Ọ̀gbẹ́ni Haverstock yin Lucille títí ojú fi ń tì í. Lucille gbé ìwé náà ró sórí igi ìgbéwòrándúró, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ yíǹkì, ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí Èlíjà. Iwájú orí náà dára. Ó ya imú, imú náà dára. Ẹnì kan nínú àwọn olùkọ́ ṣe "háà." Fáànù apá ọ̀tún wá yí orí rẹ̀ wá, wẹ́rẹ́, ó fẹ́ sí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí orí lọ.

Justina rí ẹ̀yìn Lucille bó ṣe le gbagidi.

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lófuurufú. Ó sún mọ́ ìwé, ó tún sún sẹ́yìn. Lucille fi ojú wá irùngbọ̀n Èlíjà, kò sí níbẹ̀. Ó wá èjìká, èjìká ti lọ. Kò lè dúró bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń wò ó. Ó bá fi ìgboyà fa ìlà kan sísàlẹ̀, ó fa òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Yíǹkì ń ṣàn tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa ya ẹyẹ ìwò, ọmọdébìnrin kan níwájú ti bi ẹnì kejì rẹ̀ sókè pé, "Ṣé màlúù ni?"

"Rárá," ẹnì kejì dáhùn. "Àga ni. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, ó gòkè dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Justina ò rẹ́rìn-ín. Ó pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ sórí ẹsẹ̀, ó ń wò. Ó ń dùn mọ́ ọn títí dé inú egungun. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

"Ooru yìí ni," Ọ̀gbẹ́ni Haverstock wí, ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi wòlíì sílẹ̀. Ẹ bá wa ya ọmọbìnrin Jáírù, èyí tí gbogbo ayé fẹ́ràn. Ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ lè yà á ní dídijú."

Lucille ṣí ìwé funfun mìíràn. Kò sí ìlà kankan lórí èyí, ẹnikẹ́ni ò bá a fa nǹkan kan síbẹ̀. Ó ya òbìrí kan. Ó fi ojú méjì sí i.

Nígbà náà ni Justina dìde. Òótọ́ lọ̀rọ̀ Lucille, kò sọ̀rọ̀ sókè láwùjọ àgbàlagbà rí láyé rẹ̀. "Arábìnrin Schrag, ẹ jọ̀ọ́. Àpá tó wà lókè ojú ọmọ yẹn, kí ló fà á?"

Gbogbo orí yí padà. Lucille ò yí padà kíákíá. "Àpá wo?"

"Lókè ojú òsì."

"Ìyẹn... búrọ́ọ̀ṣì ló yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ilẹ̀kùn ilé adìẹ ni," Justina wí.

Ó gba àárín àwọn àga kọjá. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Lucille láìfipá, ó ṣí ìwé mìíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Kò yára. Iwájú orí, irun tó máa ń já sójú, etí tó yọ síta díẹ̀ tí Adina kórìíra, ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àpá ló yà gbẹ̀yìn. Fáànù ń yí orí lọ, ó ń yí orí bọ̀, yíǹkì náà ò sì mira. 

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, olùkọ́ àgbà kan tó ń jẹ́ Agatha Voth, tó ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ tipẹ́, bọ́ awò ojú rẹ̀. "Adina Ediger," ó wí, bí ìgbà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. "Ìlà kejì, lẹ́bàá fèrèsé."

"Ọmọ Gerhard ni," ẹlòmíràn wí. Ariwo kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba yàrá kan. Ọ̀gbẹ́ni Haverstock wo àwòrán tuntun, ó wo ti inú páálí, ó tún wo òbìrí olójú méjì yẹn, ó sì rọra jókòó.

"Justina," Lucille wí ní ohùn kékeré. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é lórúkọ. "Ẹ má ṣe báyìí. Ẹ jọ̀ọ́."

Justina na búrọ́ọ̀ṣì sí i. "O ní o lè tẹ̀ lé ìlà. Ìlà rèé. Tẹ̀ lé e."

Lucille wo búrọ́ọ̀ṣì náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì gun àtẹ̀gùn jáde. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè orí wọn, ó ń sáré la inú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá.

Ọ̀gbẹ́ni Haverstock bá Justina lójú ọ̀nà kó tó wọkọ̀. Ó tọrọ àforíjì, ó ní àwọn máa yí orúkọ padà nígbà tí wọ́n bá tún tẹ̀ ẹ́.

"Mi ò fẹ́ orúkọ. Yọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀."

"A máa yọ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ti jáde ti jáde, Màdáámù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni. Ó ti dé Kánádà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí inú rẹ̀ dùn dé ilé. Bó bá ń fọ abọ́, á ṣàdédé rí yàrá kan níbi tí kò dé rí, pátákó kan, ọwọ́ àlejò kan tó ń fi àtàǹpàkò tẹ Adina mọ́ aṣọ, tí yóò tún yọ ọ́ kúrò, tí yóò jù ú sínú páálí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Kò sí ẹ̀san tó lè lọ kó wọn bọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn alàgbà pè é, torí ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun ti jáde. Selma ló sọ ọ́ níbi tó ti ń yọ̀. Lucille ti kọ́kọ́ dúró níwájú ìjọ, ó jẹ́wọ́, ó sunkún, wọ́n sì dárí jì í. Nígbà tó kan Justina, Gerhard bá a dìde, ó dúró tì í.

"Arábìnrin Ediger," alàgbà tó dàgbà jù lọ bi í, "ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní ìyẹ̀fun tí ò ní dúró?"

"Mo mọ̀ọ́mọ̀."

"Ṣé ẹ kábàámọ̀?"

Ó rò ó, torí kò fẹ́ purọ́ nínú ilé yẹn. "Mo tan ẹni tó fọkàn tán mi. Ìyẹn, mo kábàámọ̀ rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Èyí tó kù dùn mọ́ mi."

Wọ́n ní kó má kọ́ àwọn ọmọdé fún ọdún kan. Ó ní ó dáa.

Kí ìkórè tó parí, ìdílé Schrag ti kó lọ sí Nebraska. Justina wà ní ojú pópó lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wọn kọjá, ó ń gbé omi lọ fún àwọn tó ń kórè; ibùsùn wà lórí ọkọ̀, Lucille sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó ń wo ọ̀ọ́kán. Justina ò juwọ́, kò sì gbé ojú kúrò títí eruku fi bo ọkọ̀ náà. Ó wo inú ara rẹ̀ bóyá àánú wà níbẹ̀. Kò rí i. Ó gbé omi rẹ̀, ó ń lọ.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà dé láti Nebraska. Ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Lucille kọ ọ́ pé òun ń kọ́ àwòrán lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ya àwòrán àti orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, pé kì í ṣe pé òun ń bẹ Justina, òun kàn fẹ́ kó rí i. Nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó ya ọwọ́ òsì ara rẹ̀. Ó ti pa á rẹ́, ó ti tún un yà, débi tí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Ìka mẹ́rin jọ ìka. Àtàǹpàkò rẹ̀ dà bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ti yọ ọ́ wá.

Justina gbé e sórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fa àga, ó mú pẹ́ńsùlù, ó pa àtàǹpàkò náà rẹ́, ó sì yà á síbi tó yẹ kó wà, láti ọrùn ọwọ́, pẹ̀lú ẹran ìdí rẹ̀. Ó ká ìwé náà padà, ó kọ àdírẹ́sì Nebraska sára àpòòwé. Kò kọ ọ̀rọ̀ kan sí i.

Gerhard ń wò ó láti ìdí sítóòfù. "Ṣé o ti wá dárí jì í nìyẹn?"

"Àtàǹpàkò ni mo tún ṣe," Justina wí, ó sì fi ahọ́n lá sítáǹbù.